Èémí Adágún

Gbogbo ohun alààyè ni ó ń mí. Ènìyàn ń mí, ẹran ń mí, igi ń mí. Ẹja tí ó wà nínú ibú náà ń mí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nítorí pé inú omi ni ẹja ń gbé, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé omi nìkan ti tó o, kò tún nílò ohun mìíràn. Nítorí náà, bí wọ́n bá jí ní ìdájí ọjọ́ kan, tí wọ́n rí i pé àwọn ẹja gbé ẹnu sí ojú omi tí wọ́n ń yanu, tí àwọn mìíràn sì ti kú tí wọ́n léfòó, ọ̀rọ̀ á di ti ìfura. Àwọn kan a ní ọ̀tá ni ó da májèlé sí omi. Àwọn kan a ní òrìṣà odò ni ó ń bínú. Àwọn mìíràn kò ní sọ nǹkan kan, agbọ̀n ni wọn yóò gbé láti lọ kó ẹja ọ̀fẹ́. Lóòótọ́, májèlé lè pa ẹja. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe májèlé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìbínú ẹnikẹ́ni. Èémí ni ó ti tán nínú omi. Bí ènìyàn ti lè kú sínú yàrá tí èéfín kún, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹja lè kú sínú omi tí wọ́n bí i sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará ilẹ̀ Òkun ju bí wọ́n ti rò lọ. Láti Kàbbà, ìlú àwọn Owé, dé Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà, ilẹ̀ òkè àti àfonífojì ni. Odò kéékèèké ni ó pọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń ṣàn lórí àpáta àti òkúta lọ sí ọ̀nà Odò Ọya. Odò tí ń ṣàn ni àwọn baba ńlá wọn mọ̀. Nínú odò ni wọ́n ti ń pọn omi mímu, etí odò ni wọ́n ti ń fọ aṣọ, inú rẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń rẹ ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní, wọ́n ti sé odò Kampe ní Omi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Yàgbà, adágún ńlá sì ti tẹ́ rẹrẹ síbẹ̀. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó omi apá ìsàlẹ̀ Odò Ọya, èyí tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìlọrin, ni iṣẹ́ náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ lè rí omi bomi rin oko wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn èyí, àwọn tí ń gbẹ́ kòtò ẹja sí ẹ̀yìn ilé wọn kò kéré mọ́. Àwọn ènìyàn odò ti di alágbàtọ́ adágún.

Ìwà tí ènìyàn lè hù sí odò kí ó sì mú un jẹ, kò ṣe é hù sí adágún. Ohun tí ènìyàn bá jù sí odò, odò á gbé e lọ fún ará ìsàlẹ̀. Ohun tí ó bá jù sí adágún, adágún á pa á mọ́ dè é. Odò tí ń ta lórí òkúta a máa gba afẹ́fẹ́ sínú bí ó ti ń lọ. Adágún dúró sí ojú kan. Nítorí náà, bí adágún yóò bá máa ní èémí, àfi kí àwọn tí ó yí i ká ṣe ohun tí odò ti ń bá wọn ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ láìgba owó.

Kí èyí lè yé akẹ́kọ̀ọ́ yékéyéké, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ bí èémí omi ti rí. Nínú afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí, èyí tí ó ń gbé ẹ̀mí ró ni ọ́síjìn. Nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́, nǹkan bí ìdá 21 ni ọ́síjìn. Bí ènìyàn bá sì kún ìgò lítà kan pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ọ́síjìn inú rẹ̀ ju mílígírámù 250 lọ. Omi kò rí tó bẹ́ẹ̀. Lítà kan omi tí ó mọ́, tí ooru rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 25 ti Celsius, kò lè gbà ju nǹkan bí mílígírámù 8 lọ. Bí omi bá sì ti ń gbóná sí i ni èyí tí ó lè gbà ń dín kù: ní ìwọ̀n 30, kò tó mílígírámù 8 mọ́. Ẹja ilẹ̀ olóoru dàbí òtòṣì tí kò ní owó ìpamọ́. Ohun tí ó rí lónìí ni ó ń ná lónìí. Bí ọ́síjìn bá sọ̀ kalẹ̀ tí kò tó mílígírámù 2 nínú lítà omi kan, ìyà ti dé bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja. Ẹpìyà á kọ́kọ́ kọ oúnjẹ sílẹ̀, lẹ́yìn náà á gòkè wá sí ojú omi láti wá èémí. Àrọ̀ ní tirẹ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè ìjàgbọ̀n rẹ̀ tí ó fi lè mí afẹ́fẹ́ òde. Ìdí nìyí tí ó fi ń wà láàyè nínú abọ́ omi díẹ̀ lọ́jà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ẹni tí ó bá rí àrọ̀ láàyè nínú omi tí ó wá sọ pé omi náà dára, ara rẹ̀ ni ó ń tàn jẹ.

Ọ̀nà méjì ni ọ́síjìn ń gbà wọ inú adágún. Èkínní ni atẹ́gùn tí ń fẹ́ lórí omi, tí ń da ìgbì sílẹ̀. Èkejì ni ewéko inú omi, pàápàá àwọn tín-ín-tín tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n máa ń sọ omi di àwọ̀ ewé nígbà tí wọ́n bá pọ̀. Ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn ń ràn, àwọn ewéko wọ̀nyí a máa tú ọ́síjìn sínú omi. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn kò tú nǹkan sílẹ̀ mọ́. Àwọn náà a máa mí bí ẹja ti ń mí. Bí wọ́n bá mọ níwọ̀n, kò sí ewu. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, wọn yóò jẹ ní òru gbogbo ohun tí wọ́n kó jọ ní ọ̀sán, wọn yóò sì tún jẹ lé e. Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ pé ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ni èémí omi máa ń kéré jù lọ, ìdájí náà sì ni ẹja ń kú.

Ìṣòro mìíràn ni pé adágún jíjìn kì í jẹ́ omi kan ṣoṣo. Oòrùn a máa mú omi òkè gbóná. Omi gbígbóná fúyẹ́, nítorí náà yóò dúró lórí omi tútù tí ó wà nísàlẹ̀, bí epo ti í léfòó lórí ọbẹ̀. Omi òkè ń rí atẹ́gùn. Omi ìsàlẹ̀ kò rí nǹkan kan. Síbẹ̀, ìsàlẹ̀ náà ni ewé tí ó jábọ́, òkú kòkòrò àti ìgbẹ́ ẹja ń rì lọ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ wọ́n rà ń mí pẹ̀lú, wọn yóò sì mí títí ọ́síjìn ìsàlẹ̀ yóò fi tán. Nígbà náà ni ẹrẹ̀ á dúdú, tí á sì máa rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Kò tán síbẹ̀. Ẹrẹ̀ tí kò rí ọ́síjìn mọ́ a máa tú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ó ti gbé mì tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sì ni oúnjẹ ewéko omi. Ewéko á tún hù, á tún kú, á tún rà. Gbèsè á máa bí gbèsè. Ní ọjọ́ tí ọyẹ́ bá mú omi òkè tutù, tàbí tí ìjì òjò bá da adágún rú, omi ìsàlẹ̀ tí kò ní èémí yóò gòkè wá, ẹja tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ yóò sì kú.

Ilẹ̀ Gánà rí irú èyí nígbà tí wọ́n sé odò Volta ní Akosombo. Ní ọdún 1964 ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lẹ́yìn ìsé náà. Adágún tí ó ti ibẹ̀ jáde fẹ̀ tó nǹkan bí 8,500 kìlómítà onígun mẹ́rin, ó sì bo igbó ńlá mọ́lẹ̀ láàyè. Igi àti ewé tí wọ́n rì bẹ̀rẹ̀ sí í rà, wọ́n sì gba ọ́síjìn omi ìsàlẹ̀ tán, tí ó fi jẹ́ pé ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ omi òkè nìkan ni ẹja rí gbé ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ní Nàìjíríà, wọ́n sé Odò Ọya ní Kainji ní ọdún 1968. Adágún Kainji kéré sí ti Volta púpọ̀, nǹkan bí 1,270 kìlómítà onígun mẹ́rin ni. Omi ọ̀tun Odò Ọya sì ń wọlé, ó ń ti omi àtijọ́ jáde, lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàrin ọdún. Èyí ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú àwọn méjèèjì kò ṣòro: ohun tí ó wọ inú adágún láti rà, àti bí omi ṣe ń pààrọ̀ sí, ni ó ń pinnu bóyá adágún yóò mí tàbí kò ní mí.

Nísinsìnyí, èrò méjì ni ó wà lórí ìwòsàn adágún tí kò rí èémí mí. Àwọn kan ní ẹ̀rọ ni ojútùú: kí wọ́n ra ẹ̀rọ, kí ó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀ omi tọ̀sán tòru. Àwọn kejì ní kí wọ́n dí ọ̀nà ẹ̀gbin ná. Èrò àwọn kejì ni ó tọ̀nà. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ kò wúlò. Ẹni tí ó ní kòtò ẹja lẹ́yìn ilé kò gbọdọ̀ fi ojú kéré ẹ̀rọ tí ń fọ́n omi sókè tàbí tí ń rú u. Bí ó bá rí i ní ìdájí tí ẹja rẹ̀ ń yanu, kí ó tètè da omi tútù tí ó mọ́ sí i, kí ó rú omi náà, kí ó sì dá oúnjẹ dúró ní ọjọ́ yẹn, nítorí oúnjẹ tí ẹja kò jẹ á tún di ẹ̀gbin. Ìtọ́jú pàjáwìrì nìyẹn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú pàjáwìrì kì í ṣe ìwòsàn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Switzerland fi èyí hàn gbangba. Adágún kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sempach, láàrin àwọn àgbẹ̀ tí ń sin màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀. Ìgbẹ́ ẹran àti omi ìdọ̀tí ilé ń ṣàn wọ inú rẹ̀ lọ́dọọdún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1984, ẹja púpọ̀ kú nínú rẹ̀. Ọdún náà gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ fẹ́ ọ́síjìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n sì ń fi afẹ́fẹ́ rú u nígbà òtútù. Ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ ni Switzerland. Owó ẹ̀rọ kò wọ́n wọn. Ọ́síjìn ìsàlẹ̀ omi pọ̀ sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yẹ iṣẹ́ náà wò, wọ́n rí i pé ẹ̀rọ kò dá ẹrẹ̀ dúró láti máa tú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sílẹ̀. Èyí tí ó dín fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì adágún náà kù ni pé wọ́n ti dín èyí tí ń wọlé láti òde kù: wọ́n ń sẹ́ omi ìdọ̀tí, wọ́n sì fi òfin lé fọ́sífétì kúrò nínú ọṣẹ ìfọṣọ ní ọdún 1986. Ẹni tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí adágún láìdí ọ̀nà ẹ̀gbin dàbí ẹni tí ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ tí kò dí ihò ọkọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò ní sinmi láéláé, ọjọ́ tí ó bá sì rẹ̀ ẹ́ ni ọkọ̀ yóò rì.

Ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà kejì ni wọ́n gbà. Omi ìdọ̀tí láti àwọn ìlú etí Adágún Washington ń ṣàn sínú rẹ̀, omi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. W. T. Edmondson, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Washington, kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú nípa ohun tí yóò tẹ̀lé e. Wọ́n pe ìdìbò ní oṣù kẹta ọdún 1958 kí wọ́n lè dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò darí ìdọ̀tí náà gba ibòmíràn. Ìdìbò náà kò yege, nítorí pé ará ìlú kékeré kò rí ìdí tí wọn yóò fi bá ìlú ńlá dáwó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà wọ́n tún dìbò, ó sì yege. Láàrin ọdún 1963 sí 1968 ni wọ́n yí ìdọ̀tí náà kúrò lójú adágún. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí omi fi mọ́. Wọn kò gbé ẹ̀rọ kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n tì.

Ẹnìkan lè sọ pé Kàbbà kì í ṣe Seattle, àti pé kò sí páìpù ìdọ̀tí ńlá kan ní ilẹ̀ Òkun tí ènìyàn lè dí. Òótọ́ ni. Ẹ̀gbin ti ilẹ̀ Òkun ń wá díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́: ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ wọ́n sórí ilẹ̀ kí òjò tó rọ̀, omi ẹ̀gẹ́ tí ó ti ibi ìfún gàrí ṣàn wá, ẹ̀jẹ̀ àti ìfun láti ibi ìpẹran, ilẹ̀ tí àgbàrá wọ́ láti oko tí wọ́n ro dé etí omi gan-an. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ ọ̀rọ̀ náà di èyí tí kò ṣe é ṣe. Ó mú un rọ̀ ni, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò gba owó. Kí àgbẹ̀ fi ìgbẹ́ àti koríko sílẹ̀ ní etí odò àti adágún, kí ó lè sẹ́ àgbàrá. Kí ó bo ajílẹ̀ mọ́ ilẹ̀ nídìí ọ̀gbìn, kí ó má wọ́n ọn nígbà tí òjò ń ṣú. Kí àwọn tí ń ṣe gàrí gbẹ́ kòtò fún omi ẹ̀gẹ́ jìnnà sí odò. Kí wọ́n máa fa ewéko tí ó bo ojú omi, pàápàá èyí tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní omi Nàìjíríà ní ọdún 1984 láti ìhà Àgbádárìgì; kí wọ́n má sì fi í sílẹ̀ ní etí omi kí ó rà padà sínú rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí oko, ajílẹ̀ rere ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le kì í ṣe ibi owó, ibi ẹ̀tọ́ ni. Àgbẹ̀ tí ó wà lókè odò kì í jẹ nínú ẹja adágún; apẹja tí ó wà ní adágún kì í kórè nínú iṣu àgbẹ̀. Kí ni yóò mú kí ẹni òkè fi ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan sílẹ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀ nítorí èémí ẹja ẹlòmíràn? Yorùbá ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ṣùgbọ́n sísọ nìkan kò tó. Kò tọ́ kí wọ́n di gbogbo ẹrù lé àgbẹ̀ tí kò ní lórí, kí àwọn tí ó sé odò sì kó ọwọ́ wọn sí àpò. Ìjọba tí ó sọ odò di adágún ti gba gbèsè kan sí ọrùn pẹ̀lú rẹ̀: ó yẹ kí ó rán olùkọ́ àgbẹ̀ sí àwọn abúlé òkè odò, kí ó fún wọn ní irúgbìn igi tí wọ́n lè gbìn sí etí omi tí yóò sì mú owó wọlé, kí ó sì jókòó pẹ̀lú àwọn ọba, ìjòyè àti ẹgbẹ́ apẹja láti fi òfin kan lélẹ̀ tí ó dọ́gba fún gbogbo ènìyàn. Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ bí wọ́n ti ń fi èèwọ̀ dáàbò bo odò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja níhìn-ín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi lọ́hùn-ún. Ohun tí adágún ń fẹ́ ni èèwọ̀ tuntun tí ìmọ̀ tì lẹ́yìn.

Iṣẹ́ kan wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú èyí. Ní ọdún 1865, àlùfáà ará Ítálì kan tí ń jẹ́ Angelo Secchi fi àwo funfun kan so mọ́ okùn, ó sì rì í sínú òkun láti mọ bí omi ti mọ́ tó. Ibi tí àwo náà bá ti pòórá mọ́ ojú ni ìwọ̀n. Ní ọdún 1888, Lajos Winkler, ará Họ́ngárì, fi ọ̀nà kan hàn tí ènìyàn lè fi oògùn kẹ́mísírì mọ iye ọ́síjìn tí ó wà nínú omi. Àwo tánganran tí wọ́n kùn ní funfun àti okùn tí wọ́n sààmì sí kò kọjá agbára ilé ẹ̀kọ́ kankan. Ọ̀nà Winkler kò sì kọjá agbára ilé ìwádìí kẹ́mísírì ilé ẹ̀kọ́ gíga, bí olùkọ́ bá dúró tì í. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ń wọn omi tí ó sún mọ́ ọn ní ìdájí, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀, tí ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé láti ọdún dé ọdún, ìwé yẹn yóò ní ìwúlò ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Nígbà tí ẹja bá kú, kò ní sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti pe aládùúgbò rẹ̀ ní apànìyàn tàbí oṣó. Wọn yóò ṣí ìwé, wọn yóò sì rí ọjọ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn.

Adágún kì í ké kí ó tó kú. Kò ní ẹnu, kò ní olóyè tí yóò bá a sọ̀rọ̀ láàfin. Àwọn tí wọ́n mu omi rẹ̀, tí wọ́n jẹ ẹja rẹ̀, tí wọ́n sì fi omi rẹ̀ rin oko ni wọ́n gbọdọ̀ jẹ́ ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rọ lè ran èémí rẹ̀ lọ́wọ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Ọwọ́ mímọ́ àwọn tí ó yí i ká nìkan ni ó lè mú kí ó mí títí ayé.